Èmi Ni Mo Ni Oòrùn, Jákọ́bù Ló Ni Òjò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ̀tún wòsì, tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe jẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára jù. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí wọ́n máa fi bá yín ṣe é. Iṣẹ́ tèmi dára. Àlejò ni mo ń mú wọ inú igbó láàárín Ìkirè àti Àpòmù, ó sì tó nǹkan bí ogún ọdún tí mo fi ṣe é. Ẹni tí wọ́n fi tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ba adùn rẹ̀ jẹ́ mọ́ mi lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ẹni náà kò ṣẹ̀ mí rí. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n gbádùn ara mi.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àbúrò bàbá mi ní Àpòmù mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, mo sì lọ. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó kọ́lé, ọ̀rọ̀ owó sì parí síbẹ̀. Ilé àlejò kan ló wà létí igbó, tó ní yàrá mẹ́fà àti páálọ̀ ńlá kan, fàráńdà yí i ká, páànù sì wà lórí rẹ̀. Àwọn tíṣà àti akọ̀wé ló ń wá jù, àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti Ìbàdàn àti Ifẹ̀. Àwọn mìíràn á ti kọ́kọ́ yà wo dáàmù Aṣéjìrè kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Igi ńlá ni wọ́n ń wá wò, àti ọ̀bọ, àti ìtura ọjọ́ méjì.

Ọ̀gá wa ni Bàbá Gáádì. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é nìyẹn, nítorí ó ti ṣọ́ igbó ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi í ṣe olórí ilé àlejò. Ọmọ Ìkirè-Ilé ni, mùsùlùmí bíi tèmi, ọkùnrin gbígbẹ tí kì í rẹ́rìn-ín títí yóò fi jẹun ọ̀sán. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n bá àlejò kankan sọ̀rọ̀. Bàtà òjò ni mo ń fọ̀. Lẹ́yìn bàtà, ó kan èèpo igi. Bàbá á fi aṣọ dì mí lójú, á fi àdá há èèpo igi, á gbé e sí mi nímú, á ní kí nìyí. Bí mo bá pe arère ní afàrà, mo padà sídìí bàtà nìyẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo sunkún nídìí bàtà wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yípo, mo lè fi imú mọ ìrókò, mo lè fi imú mọ apá àti ìdigbò, n kò nílò ojú rárá.

Èyí tó sú mi jù ni ti òjò. Bí òjò bá ti ṣú, Bàbá á mú mi jókòó sí fàráńdà pẹ̀lú ojú dídì, á ní kí n sọ ewé tí òjò ń bà lé. Òjò lórí ewé kókò ní ohùn tirẹ̀. Lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń dún bí ẹni ń ya aṣọ. Lórí ewé gbígbẹ tó wà nílẹ̀, bí ẹní ń dín nǹkan ni. Bàbá ní ẹni tó bá ń fi etí mọ ibi tí òjò dé kò ní jẹ́ kí òjò ká òun àti àlejò mọ́ inú igbó. Òfin rẹ̀ kan tí kì í tún sọ lẹ́ẹ̀mejì sì ni pé, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú àlejò kọjá odò ẹ̀yìn ilé. Odò náà kò tó nǹkan lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó, igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo la sì fi ṣe afárá rẹ̀. Èmi ẹlẹ́sẹ̀ líle, mo gba òfin náà, ṣùgbọ́n mo ka ìjókòó yẹn sí ìfàkókòṣòfò.

Ọdún kẹta ni wọ́n mú Jákọ́bù wá. Ọmọ kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà ní Ìkirè ni, mo sì fi bí ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Ó já bọ́ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù kòkó nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì tọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí mo rí i tó ń tiro bọ̀ láti ojú títì, mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní kí ni eléyìí fẹ́ wá ṣe nínú igbó? Bàbá Gáádì pe àwa méjèèjì síwájú ilé, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà gùn.

"Lásísì, ìwọ lo ni oòrùn. Jákọ́bù ló ni òjò."

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ojú ọjọ́ bá dára, èmi ni n óò máa mú àlejò rìn nínú igbó. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, n óò kó wọn padà wá sí páálọ̀, n óò fà wọ́n lé Jákọ́bù lọ́wọ́ kí ó má jẹ́ kí ó sú wọn títí òjò yóò fi dá. Tayọ̀tayọ̀ ni mo gbà. Mo rò pé wọ́n fún mi lẹ́ran, wọ́n fún un légungun. Mo gbàgbé pé lágbègbè tiwa, òjò lè bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta kó má dáwọ́ dúró títí di oṣù kẹwàá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pín ọdún fún yín, ẹ kọ́kọ́ ka oṣù.

Òjò àkọ́kọ́ tó gba àlejò lọ́wọ́ mi, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n lè rí bí yóò ṣe tẹ́. Jákọ́bù ní kí Ìyá Kúdí, obìnrin Ìkirè tó ń se oúnjẹ fún wa, gbé ìkòkò àti ààrò jáde sí fàráńdà. Ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá pípọ́n síwájú àwọn àlejò, èyí tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ó ní kí wọ́n bó o, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gún un mọ́ ata. Ìyá Kúdí wá dín in nínú epo pupa, ó di dòdò Ìkirè gidi, dúdú, tó ń ta lẹ́nu. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́. Àwọn èèyàn ńlá ńlá ń lá ìka. Lẹ́yìn ìyẹn, ó to ìgbín mẹ́rin sórí tábìlì, ó fi ẹfun kọ orúkọ sí wọn lẹ́yìn, ó ní kí kálukú yan tirẹ̀, kí wọ́n wo èyí tó máa kọ́kọ́ dé òdì kejì. Mo rí lọ́yà kan tó dìde dúró nínú kóòtù rẹ̀, tó ń bẹ ìgbín pé kó má dójú ti òun.

Èyí tó dun mí jù ṣì wà níwájú. Ó fi ìborùn di ojú àwọn àlejò, ó kó wọn jókòó sí fàráńdà, ó ní kí wọ́n tẹ́tí, kí wọ́n sọ ewé tí òjò ń bà lé. Wọ́n ń pariwo bí ọmọdé. Ewé kókò ni! Rárá, páànù ni! Ohun tí Bàbá fi ìbáwí kọ́ mi ni Jákọ́bù sọ di eré, ta ló sì sọ ọ́ fún un? Èmi náà ni. Mo ti fi yangàn fún un lọ́sẹ̀ tó dé, kó lè mọ̀ pé ọ̀gá òun ni mí.

Ó kù ti àlọ́. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án á sọnù sígbó. Ọ̀sán sì ni òjò máa ń rọ̀ jù. Ohun tí Jákọ́bù ń ṣe ni pé á ti gbogbo fèrèsé páálọ̀, á tan àtùpà, á gbé e sáàárín ilé, á sì ní, "Ẹ kú alẹ́ o." Láago méjì ọ̀sán! Àwọn àlejò á wo ara wọn, ẹ̀rín á sọ, wọ́n á ní, "Kú alẹ́." Bí ilẹ̀ ṣe ṣú nìyẹn, bí èèwọ̀ ṣe kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Á wá máa pàlọ́ títí òjò yóò fi dá, bí òjò bá sì dá, mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń kẹ́dùn.

Mo jowú. N kò ní fi bò fún yín. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wo fọ́tò mi ìgbà náà, ẹ ó ka egungun. Ohun tó tún wá mú un le ni pé Jákọ́bù ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kò sí ọjọ́ òjò kan tí kì í fi ewé pọ́n dòdò pa mọ́ fún mi. Mo máa ń jẹ ẹ́. Adùn rẹ̀ gan-an ló ń bí mi nínú.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà tí àlejò máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí kí wọ́n tó lọ. Ilé kéwú ni mo lọ ní kékeré, n kò mọ ìwé kà lédè Yorùbá, ká má tilẹ̀ wá sọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Mo ṣáà ń rí i tí wọ́n ń kọ ọ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò lè ní kí Jákọ́bù kà á fún mi, ikú yá ju ìyẹn lọ. Ni mo bá forúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àgbà ní Àpòmù, mo ń lọ lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ́ ìwé kí wọ́n lè ka Bíbélì tàbí lẹ́tà ọmọ wọn. Ìlara ló rán èmi nílé ìwé, mo sì tètè mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé mo lè kà á, mo dúró títí ilé fi dá. Mo ṣí i. "Òjò yín dára púpọ̀, ẹ bá wa kí Jákọ́bù." Mo ṣí ojú ewé mìíràn. "A gbàdúrà kí òjò má dá." Òmíràn: "Ọ̀gbẹ́ni Jákọ́bù, a ó padà wá lóṣù keje, ẹ bá wa tọ́jú ìgbín wa." Mo wá ara mi títí. Ìgbà tó yá ni mo rí ibi tí ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ mi kàn, láìdárúkọ: "Ọ̀nà inú igbó gùn, ẹ̀fọn sì pọ̀." Mo pa ìwé náà dé. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé, kí orúkọ mi wà nínú ìwé yẹn, kí àlejò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kó sì jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ òjò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà tí kò yẹ ọmọlúàbí. Èmi ọmọ àgbẹ̀ kòkó, mo ń gbàdúrà kí òjò má rọ̀. Mo da àwọn ìgbín rẹ̀ sígbó lọ́jọ́ kan. Nígbà tí kò rí wọn, ó ní kí àlejò ju ewé sójú àgbàrá etí ilé kí wọ́n wo ewé ẹni tó máa sáré jù. Wọ́n fẹ́ràn ìyẹn ju ti ìgbín lọ.

Ibi tí ìlara gbé mi dé nìyí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹsàn-án, tíṣà márùn-ún wá sọ́dọ̀ wa láti Gbọ̀ngán. Ọ̀gá wọn obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Màmá Tíṣà, ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó lọ́yàyà, ó sì sanra díẹ̀. Bàbá Gáádì ti lọ síbi ìkómọ ní Ìkirè-Ilé. Bí a ṣe fẹ́ jáde ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀. Ó yẹ kí n yí padà, kí n fà wọ́n lé olóhun lọ́wọ́. Ọkàn mi kò gbà. Mo sọ fún wọn pé ọjọ́ òjò gan-an ni ìgbín ń jáde, pé dípò kí wọ́n jókòó sínú ilé máa wo ìgbín lórí tábìlì, kí wọ́n jẹ́ ká lọ ṣa á fúnra wa. Mo mọ̀ pé ibi tí mo ń lọ, ẹsẹ̀ Jákọ́bù kò lè dé ibẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Jákọ́bù dúró ní fàráńdà.

"Ẹ̀gbọ́n, òjò ti ń rọ̀ gidi lókè Àpòmù. Ẹ ò gbọ́ ọ lórí ewé ni?"

"Mo gbọ́. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ."

A kọjá odò. N kò lè parọ́ fún yín, wákàtí àkọ́kọ́ yẹn dùn. Ìgbín wà lára igi, ó wà lábẹ́ ewé, àwọn tíṣà ń sáré kiri pẹ̀lú agbọ̀n. Màmá Tíṣà ní òun kò ṣe irú eré báyìí rí láti ọmọdé. Ó bi mí léèrè orúkọ mi, ó bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ó ní òun máa kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn rí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn débi pé dípò kí n kó wọn padà, mo tún kó wọn wọnú sí i.

Mo gbọ́ odò náà kí n tó rí i. Igi ọ̀pẹ tí a fi ṣe afárá ti lọ. Omi pupa ń ru gùdù níbi tí ọmọdé ń fò, ó ti fẹ̀ tó ojúde ilé. Màmá Tíṣà sún mọ́ etí rẹ̀ jù, ilẹ̀ yọ̀, ó ṣubú lé ọwọ́ ọ̀tún, mo sì gbọ́ bí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣe kán. Àwọn obìnrin méjì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Tíṣà ọkùnrin tó kéré jù nínú wọn, tí ojú rẹ̀ ti yí padà, ní òun máa wọ́ ọ kọjá, pé òun mọ omi wẹ̀. Mo dì í lẹ́wù mú. Ó ń jà fún ẹ̀wù rẹ̀, ó ń sọ pé èmi ni mo kó wọn wá síbi ikú. Òótọ́ ló ń sọ.

Ibẹ̀ ni a wà tí mo rí iná ní òdì kejì. Jákọ́bù ló ń tiro bọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé agboòrùn, ó fi ọwọ́ kejì gbé àtùpà. Àtùpà títàn, láago mẹ́ta ọ̀sán. Ó ti rán Ìyá Kúdí sójú títì kó lọ pe àwọn èèyàn pẹ̀lú okùn àti pákó. Ó rọra wá ibi tí ilẹ̀ ti le, ó gbé agboòrùn bo àtùpà, kì í ṣe orí ara rẹ̀, ó sì pariwo bo omi mọ́lẹ̀.

"Ẹ kú alẹ́ o!"

Mo gbọ́ tí Màmá Tíṣà, tó di ọwọ́ tó kán mọ́ àyà, ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Kú alẹ́, ọmọ mi."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ààlọ́ o! Ààlọ̀! Ẹnu àwọn mẹ́ta ló kọ́kọ́ dáhùn, ó di mẹ́rin. Tíṣà tí mo dì mú kò jà mọ́, ṣùgbọ́n n kò fi ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò dáhùn ní tèmi. Òjò ń lu mí, àlejò ti ṣèṣe lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ mi ti bọ́, síbẹ̀ ohun tó ń jó mi lọ́kàn ni pé ó tún ti gba àlejò lọ́wọ́ mi. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Mo dúró sáàárín wọn bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Jákọ́bù wá bèèrè pé, kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Àwọn tíṣà wo ara wọn. Wọ́n pe afẹ́fẹ́, wọ́n pe ewúrẹ́. Ó ní rárá. Ó tún un bèèrè, ó sì ń wo ojú mi. Omi ń kọjá láàárín wa, kò kí ẹnikẹ́ni, kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là.

"Àgbàrá òjò ni."

"Ẹ gbà á, Ẹ̀gbọ́n!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò mọ ohun tí mo lè fi ìtìjú ọjọ́ náà wé.

Jákọ́bù dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, títí àwọn ọkùnrin ojú títì fi gbé pákó dé tí a sì fi okùn kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n gbé Màmá Tíṣà lọ sí ilé ìwòsàn, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ jiná, ṣùgbọ́n kò tọ́ dáadáa mọ́. Ibà dá Jákọ́bù dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí òjò ọjọ́ yẹn tó rọ̀, ó ń tiro ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá.

Mo di ẹrù mi kí Bàbá Gáádì tó pè mí. Ó wo ẹrù náà títí.

"Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i," ó ní. "Ẹsẹ̀ ni mo kọ́ ọ, n kò kọ́ ọ ní ìjókòó dé ibi tó yẹ. Ìdajì iṣẹ́ lo mọ̀. Lọ tú ẹrù ẹ. Láti òní lọ, bí òjò bá ti ń rọ̀, ìwọ lo máa gbé àtùpà fún Jákọ́bù."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Mo lọ bẹ Jákọ́bù lórí ibùsùn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, ìgbín mélòó lẹ rí?" Ó bí mi nínú pé kò tilẹ̀ bínú.

Mo gbé àtùpà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbé e. Mo ń tẹ́tí sí gbogbo àlọ́ rẹ̀ bí ọlọ́pàá, mo ń wá ibi tó ti máa ṣì í sọ. Mo mọ ibi tó ti máa ń mí, mo mọ ibi tó ti máa ń dánu dúró kí ẹ̀rín lè kọjá, mo mọ bó ṣe máa ń bojú wo ẹni tí ojú ń tì jù nínú àlejò. Ìlara tó jìnnà sàn ju èyí tó ń gbé iná fún èèyàn lọ. Kò sí bí a ṣe máa ṣe ebòlò kó má rùn.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 wọlé, Bàbá Gáádì fẹ̀yìn tì, ayé sì yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ dé, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n àti fídíò sí páálọ̀. Òjò á rọ̀, àlejò á jókòó ti fíìmù. Èmi fúnra mi ni mo ń ru bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ náà, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi ń rù ú. Jákọ́bù á jókòó sí fàráńdà, àtùpà rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìtàn. Mo rò pé inú mi máa dùn tán. Ó dùn fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, n kò lè wo ibi tó jókòó sí mọ́. Àmọ́ nígbà tí àrá ńlá kan sán, tí wọ́n ní ká pa gbogbo ẹ̀rọ, tí òkùnkùn sì bo páálọ̀, obìnrin kan bèèrè pé, alátùpà tó jókòó sí fàráńdà dà? Kíá ni wọ́n padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kíá ni ìlara mi náà padà.

Ẹ̀rọ ayùn tún dé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìrókò kan lè gba àwọn agégi lọ́jọ́ púpọ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í jẹ́ kó pé wákàtí kan. Àwọn igi tí mo fi imú mọ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé àṣẹ àti láìsí ìwé àṣẹ. Kó tó pẹ́, bí a bá di ojú àlejò tí òjò sì ń rọ̀, páànù nìkan ni wọ́n ń gbọ́ jù.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Jákọ́bù kò gbé e mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Gbọ̀ngán wá mú un lọ sọ́dọ̀. Kó tó wọkọ̀, ó na àtùpà náà sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni òjò báyìí."

Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, àlejò mẹ́jọ wà nínú ilé, ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n sì ti bàjẹ́. Mo ti fèrèsé. Mo tan àtùpà. Mo ní, "Ẹ kú alẹ́ o," ohùn Jákọ́bù ló jáde lẹ́nu mi. Mo pàlọ́ rẹ̀, mo dánu dúró níbi tó ti ń dánu dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín fún un. Gbogbo ohun tí mo fi ìlara ṣọ́ ló wà nínú mi, kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe lọ tán, mo sáré lọ ṣí ìwé. Obìnrin kan ti kọ ọ́ gbàdàgbàdà: "Kò sí ẹni tó mọ òjò tó Ọ̀gbẹ́ni Lásísì."

Orúkọ mi ni. Mo kà á títí. Ó yẹ kí n jó, àmọ́ Jákọ́bù ni mo tún ń jowú, nítorí mo mọ ẹni tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Mo mú báírò kí n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ló kọ́ mi. Ọwọ́ mi kò gbà. Ní gbogbo ọdún tí mo tún lò níbẹ̀, wọ́n ń kọ irú rẹ̀, mo ń kà á, mo ń mú báírò, mo ń gbé e sílẹ̀. Gbọ̀ngán kò jìnnà, mo ń sọ lọ́dọọdún pé n óò lọ sọ ọ́ fún un. Ìgbà tí mo lọ, ìsìnkú rẹ̀ ni mo bá. Òjò ń rọ̀ lórí páànù ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́ kó dìde sọ̀rọ̀, mo sì jókòó mọ́lẹ̀.

Ilé àlejò náà ti wó, n kò sì mọ ibi tí ìwé yẹn wọlé sí. Ìlara ló kọ́ mi ní ìwé tí mo fi ń kọ èyí, nítorí náà ibí ni n óò kọ ọ́ sí, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá mi rí i. Òjò wa dára púpọ̀. Jákọ́bù ló ni ín. Mo ṣì ń jowú rẹ̀.